Ewé alátè láti inú irúgbìn n'Ílọrin: bí a ó ṣe gbìn ín tí kò fi ní kú mọ́ wa lọ́wọ́

Tí ẹ bá ti gbin Drosera indica, ewéko kékeré tó ń fi àtè ara ewé rẹ̀ mú kòkòrò jẹ, lẹ́ẹ̀mejì, tó sì kú lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹ má bínú sí ẹni tó fún yín ní irúgbìn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkẹ́ yín ló pa á. Ilẹ̀ dúdú ẹ̀yìn ilé ìdáná, omi kànga tó tutù nini, ìgbẹ́ adìẹ tí a fi ń tọ́jú tẹ̀tẹ̀: gbogbo ohun tó ń mú ewébẹ̀ wa dán yìí, májèlé ni fún un. Èmi náà fi tèmi kọ́gbọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, ìyá mi àgbà rí mi tí mò ń fọ yanrìn nínú bàsíà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ewéko wo ni kì í jẹ ajílẹ̀?" Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, mo bu ajílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ kejì kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi dúdú.

Ewé alátè ni mo ń pè é níbí, nítorí pé oje tó wà lórí irun ewé rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àtè tí àwọn ọmọdé fi ń dẹ ẹyẹ. Kòkòrò á bà lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, irun tó kù á rọra tẹ̀ wá bò ó, ewé á sì fa ohun tó wà lára rẹ̀ mu. Kò ní ṣe wàhálà yìí ká ní oúnjẹ wà nínú ilẹ̀ tó ti ń hù. Yanrìn lásán ni, èyí tí òjò ń rin tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ń gbẹ, láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí títí dé Éṣíà. Gbòǹgbò rẹ̀ kéré, kò sì mọ oúnjẹ jẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun la ó máa padà sí ní gbogbo ìgbésẹ̀.

Ohun tí ẹ ó wá sílẹ̀

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ kí ẹ tó fọwọ́ kan irúgbìn:

- Omi òjò, ó kéré tán kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì
- Yanrìn odò tó rí hóró-hóró, kì í ṣe èyí tó rí bí èlùbọ́
- Peat moss (ewéko irà tó ti jẹrà, tí wọ́n sá gbẹ) tí a kò po ajílẹ̀ kankan mọ́
- Ike tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, àti àwo pẹrẹsẹ tí yóò jókòó sí
- Irúgbìn, bébà funfun, igi ìtayín
- Ike omi tó mọ́ gaara, tí a gé ìdí rẹ̀ kúrò
- Àpò ẹ̀fọn àtijọ́ tó ti ya

Peat moss ló máa yọ yín lẹ́nu jù. Mi ò tíì rí i lórí àtẹ ní Ọjà Ọba tàbí ní Ìpàta. Àwọn tó ń ta òdòdó nínú ìkòkò ni ẹ ó bi, tàbí kí ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ka ara àpò rẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ní oúnjẹ ewéko nínú, ẹ dá a padà. Tí kò bá sí peat rárá, háhá àgbọn lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní cocopeat ṣeé lò, àmọ́ iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi òjò, ẹ fún un, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà.

Ìgbésẹ̀ 1: Omi

Ẹni tó bá ṣe omi dáadáa ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Omi kànga àti omi borehole wa ti gba inú àpáta àti ilẹ̀ kọjá, ó sì ti kó iyọ̀ ilẹ̀ dání. Ẹ wo inú kẹ́tùlù tí ẹ fi ń se omi tíì: ẹ̀pá funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ yẹn ni mò ń sọ. Àwa lè mu ún kó má ṣe wá ní nǹkan kan. Nínú ike kékeré tí omi ń gbẹ lójoojúmọ́, iyọ̀ yẹn á máa pọ̀ sí i títí gbòǹgbò yóò fi jóná.

Omi ẹ̀rọ ìlú kò yàtọ̀, omi inú ọ̀rá kò sì yàtọ̀. Sísè kì í yọ iyọ̀ ilẹ̀ tán. Omi ló ń bá ooru lọ, ohun tó kù á sì nípọn sí i.

Omi òjò ni ẹ lò. N'Ílọrin, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa láti oṣù kẹrin. Ẹ má gbe àkọ́rọ̀ òjò, nítorí eruku ọyẹ́ tó ti bà sórí páànù láti oṣù kọkànlá ló ń fọ̀ wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò ńlá mẹ́ta rọ̀ kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn náà, kí òjò ti máa rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó gbé bàsíà sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Tí páànù yín bá ti dípẹtà, ẹ gbé bàsíà sí àárín gbangba agbàlá, kí omi máa bọ́ sí i tààrà láti ojú ọ̀run.

Omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù náà dára, tí korobá tó ń kán sí bá mọ́. Àwọn kan máa ń ra omi tí àwọn tó ń ṣe bátìrì mọ́tò ń tà. Ṣọ́ra o! Oríṣi méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ásíìdì sì ni ọ̀kan, ike méjèèjì sì lè jọra. Tí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi dá yín lójú, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti tọ́: ẹ kán omi náà sí orí dígí tó mọ́, kí ẹ sì kán omi kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì gbẹ nínú oòrùn. Èyí tó bá fi òrùka funfun sílẹ̀, ẹ fi fọ aṣọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n kọ TDS sí lára, èyí tó ń ka iye iyọ̀ tó yọ́ sínú omi, kí òǹkà rẹ̀ má kọjá 50.

Ìgbésẹ̀ 2: Yanrìn

Ibi tí àwa ará Ìlọrin ti ń ṣe àṣìṣe kejì nìyí. Yanrìn pọ̀ láyìíká wa, gbogbo àdúgbò ló ń kọ́lé, èèyàn á sì lọ bu abọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń gún búlọ́ọ̀kù. Yanrìn yẹn ti bá sìmẹ́ǹtì pàdé. Ẹfun inú sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ilẹ̀ kan bó ṣe yẹ, ilẹ̀ kíkan sì ni ewé alátè fẹ́. Ẹ lọ bá tírélà kó tó da yanrìn sílẹ̀, tàbí kí ẹ bù ú létí odò fúnra yín, níbi tí wọn kì í ti í fọ aṣọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, kí èyí tó kúnná bí èlùbọ́ lè jáde. Ẹ da ìyẹn nù. Ẹ wá fọ èyí tó kù bí ẹni ń fọ ìrẹsì tó ní òkúta: ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, ẹ da omi pupa rẹ̀ nù. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ lè fi omi kànga ṣe ti àkọ́kọ́, àmọ́ omi òjò ni kí ẹ fi ṣe méjì tó gbẹ̀yìn.

Peat ní tirẹ̀, tó bá gbẹ, kì í gba omi. Ẹ ó rò pé ó ti rin, ẹ ó tú u, inú rẹ̀ á gbẹ bí ewé tábà. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú sínú omi òjò, kí ẹ fi ọwọ́ pò ó lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ife kan peat, ife kan yanrìn, ẹ pò wọ́n papọ̀. Kò sí ohun mìíràn tó gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀: kì í ṣe eérú, kì í ṣe NPK, kì í ṣe ilẹ̀ àkìtàn. Ajílẹ̀ "díẹ̀ báyìí" tí mo bù sí i nítorí ọ̀rọ̀ ìyá mi àgbà ló pa tèmi.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti tọ́: ẹ bu yanrìn ẹ̀kúnwọ́ kan sínú abọ́, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà lé e lórí. Ẹ gbé etí sí i. Tó bá ń hó ṣìì, ẹfun wà nínú rẹ̀, ẹ wá yanrìn mìíràn. Tó bá dákẹ́, ó dára. Ẹ má lo ẹ̀kúnwọ́ tí ẹ fi dán an wò yẹn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ike

Mo mọ̀ pé ìlú amọ̀kòkò la wà, ìkòkò Òkèlele sì lẹ́wà lójú ju ike lọ. Ẹ fi gbin òdòdó mìíràn. Ara amọ̀ máa ń fa omi, omi á gba ibẹ̀ gbẹ, iyọ̀ á sì dúró sára rẹ̀. Èyí kò bá ewé alátè lára mu. Ti sìmẹ́ǹtì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ike ọ̀dà kọ́ o, ike oúnjẹ tàbí ike omi lítà kan ààbọ̀ tí a gé ọrùn rẹ̀ ló tó.

Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí rẹ̀. Ẹ da ilẹ̀ sí i títí yóò fi ku ìwọ̀n ìka kan kó kún. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e sínú àwo, kí ẹ da omi òjò sínú àwo náà, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì.

Ike tí ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀ ni yóò gbé títí yóò fi kú. Ewé alátè kì í fẹ́ kí wọ́n ṣí òun nípò. Gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ jù. Ẹ má fọ́n ọn sínú àwo kékeré pẹ̀lú èrò pé ẹ ó lọ́ ọ bí ata.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti tọ́: lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ojú ilẹ̀ náà ti dúdú fún omi láìjẹ́ pé ẹ da omi sí i láti òkè. Tí òkè bá ṣì gbẹ, peat yín kò tíì mu omi yó. Ẹ tú u dànù sínú bàsíà, ẹ tún un rẹ.

Ìgbésẹ̀ 4: Irúgbìn

Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbìn ín, tó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ rà á láti òkè òkun, kó kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ewéko àti irúgbìn tó ń wọ orílẹ̀-èdè yìí. Bí ẹ bá sì rí i nínú igbó, níbi yanrìn tí omi ti ń sun létí àpáta, ẹ má hú u. Bí ẹ ṣe hú u náà ni ẹ pa á. Ẹ padà wá nígbà tí òjò ń lọ sí òpin, kí ẹ mú èso kan tàbí méjì, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ilẹ̀ tó bí i.

Ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá: igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ gùn bí okùn ìránṣọ, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, irun alátè sì bò ó. Èyí tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ bí owó ẹyọ tí a tò yípo, ìbátan rẹ̀ mìíràn ni.

Irúgbìn rẹ̀ dúdú, ó sì kúnná bí áásáà. Ẹ má sín nítòsí rẹ̀.

Àwọn ìtọ́sọ́nà òyìnbó á ní kí ẹ kó irúgbìn sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń hù níbi tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n ń sọ. Ti ilẹ̀ wa kò mọ òtútù rí. Oorun ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń gbé e sùn, nínú yanrìn tó gbóná janjan. Nítorí náà ẹ pọ́n ọn sínú bébà, ẹ fi sí ibi gbígbẹ tí ooru ti ń wọlé, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin.

Oṣù karùn-ún ni mo máa ń fọ́n ọn, nígbà tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ po irúgbìn náà mọ́ ṣíbí kan yanrìn gbígbẹ tó ti mọ́, kó má bàa kó jọ sójú kan. Ẹ ṣẹ́ bébà sí méjì, ẹ dà á sí ojú ìṣẹ́ náà, kí ẹ máa fi ìka ta á pẹ́pẹ́ lórí ilẹ̀ náà.

Ẹ MÁ BÒ Ó. Mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ nítorí pé ọwọ́ àgbẹ̀ kì í lè dúró. Ìmọ́lẹ̀ ni irúgbìn yìí ń rí kó tó hù. Tí ẹ bá bu yanrìn lé e, ẹ ti sin ín nìyẹn.

Ẹ fi ike tí a gé ìdí rẹ̀ dé e lórí, kí ẹ ṣí ìdérí òkè rẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Òjò Ìlọrin kì í rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀kán ńlá kan tó, gbogbo irúgbìn á fò jáde.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti tọ́: tí ẹ bá tẹ̀ ba, tí ẹ wò ó nínú oòrùn, kí ẹ ṣì lè rí àwọn hóró dúdú náà lójú ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìdúró

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ni, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ yín kò ju kí àwo má gbẹ lọ. Omi inú àwo ni ẹ ó máa bù sí; ẹ má da omi sí i láti òkè.

Àmọ́ omi tó dúró sójú kan, tanwíjí kò ní pẹ́ wọ̀ ọ́. Kò dára kí ẹni tó ń gbin ajẹkòkòrò máa sin ẹ̀fọn. Ẹ da omi àwo nù ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ẹ fi ọwọ́ ra inú rẹ̀, kí ẹ tó da tuntun sí i.

Tí ẹ bá rí ohun tútù bí èyí tó máa ń hù lára ògiri balùwẹ̀, ẹ dín omi àwo kù sí sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹ sì gbé ike síbi tí oòrùn ti pọ̀ sí i. Tí ó bá ń bu, tó funfun bí òwú, afẹ́fẹ́ ló kéré: ẹ ṣí ike tí ẹ fi dé e kúrò lọ́sàn-án.

Èyí tó bá hù kò ní tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fà á tu pé koríko ni. Ẹ dúró kí ó yọ ewé kẹta, kí ẹ wá wò ó ní àárọ̀ kùtù: tí omi kínńkínní bá ń dán lórí irun rẹ̀, òun ni.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti tọ́: ẹ fi orí igi ìtayín kan ewé kan. Tí okùn oje bá fà tẹ̀ lé igi náà bí ọbẹ̀ ilá, àtè ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n bá ga tó ìwọ̀n èékánná, ẹ ṣẹ́ wọn kù sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ike kan. Alùmọ́gàjí ni kí ẹ fi gé àwọn tó kù. Ẹ má fà wọ́n tu, gbòǹgbò wọn ti so mọ́ra wọn.

Ìgbésẹ̀ 6: Oòrùn

Kì í ṣe òdòdó inú pálọ̀. Ó fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́fà, ó kéré tán. Ẹ máa ṣí ike tí ẹ fi dé e kúrò díẹ̀díẹ̀: wákàtí kan lónìí, méjì lọ́la, títí di ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó ta àpò ẹ̀fọn sókè rẹ̀ nígbà òjò líle, kí omi lè fọ́ wẹ́wẹ́ kó tó bà á. Nígbà tí òjò kò bá rọ̀, ẹ ká a kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kòkòrò kò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá ibi tó ga fún un. Adìẹ ni ọ̀tá tí kò sí nínú ìwé kankan. Òun ló pa ti ọdún kejì mi: ó rò pé yanrìn tútù ni, ó sì tú gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Tí òjò bá dá dúró láàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ibẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì méjì yẹn ti wúlò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbìn ín dáadáa títí di àkókò yẹn, tí omi òjò tán, tí wọ́n ní "ẹ jẹ́ ká fi ti kànga dí i fún ọ̀sẹ̀ kan."

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti tọ́: ewé tó ń rí oòrùn tó máa ń ní àwọ̀ pupa díẹ̀ lórí irun, oje rẹ̀ á sì pọ̀. Tó bá tútù yọ̀yọ̀, tó ń dọ̀bálẹ̀, tí kò sì ní oje, òjìji ló wà. Ti pé igi rẹ̀ ń fì sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá ti ga, ìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi ọ̀pá tì í.

Ìgbésẹ̀ 7: Oúnjẹ

Ẹ fi sílẹ̀ níta, yóò wá tirẹ̀ jẹ. Ẹ̀fọn, kantíkantí, èèrà abìyẹ́, gbogbo wọn ló ń bà lé e. Tí ẹ bá fẹ́ bọ́ ọ, ẹ mú kantíkantí kan tí kò tíì gbẹ, kí ẹ fi igi ìtayín gbé e lé ewé kan. Ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó fún igi kan.

Ẹran kọ́ o. Mo ti rí ẹni tó gbé ẹ̀rún súyà lé e lórí nítorí kó lè ya fídíò. Iyọ̀ àti òróró ló kọ́kọ́ jó ewé yẹn, ìdin ló tẹ̀ lé e. Ẹ má gbé eṣinṣin ńlá lé e náà. Ewé á jẹrà kó tó jẹ ẹ́ tán.

Ẹni tó bá sì ń fọ́n ọ̀tá-pia-pia sí yàrá, kó gbé ike jìnnà. Àwọn kan ń ra ewéko yìí pé yóò gba àwọn lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Kò lè ṣe é. Àpò ẹ̀fọn ni kí ẹ máa sùn sí.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti tọ́: láàárín ọjọ́ kan, irun ewé á ti tẹ̀ bo kòkòrò náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, èèpo gbígbẹ ló máa kù. Ẹ má nù ún, atẹ́gùn á gbé e lọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Òdòdó, ikú, irúgbìn

Òdòdó rẹ̀ ní ìpẹ́ márùn-ún, funfun tàbí àwọ̀ osùn tó ṣá. Àárọ̀ ló máa ń là, yóò sì pa dé kí ọ̀sán tó pọ́n jù. Kò nílò oyin, ó ń gba ara rẹ̀ lóyún. Èso kékeré á tẹ̀ lé e, yóò sì dì brown bí ewé tábà. Ní kété tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ ṣẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi ìka ta á. Tí ẹ bá pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó ti là, irúgbìn ti lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, oje á gbẹ, ewé á pọ́n, igi á kú. Níbí ni àwọn èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í da omi lé e, tí wọ́n ń gbé e wọlé, tí wọ́n ń bi mí pé kí ni àwọn ṣe. Ẹ kò ṣe nǹkan kan. Ewéko ọdún kan ni, bí àgbàdo. Ọjọ́ rẹ̀ ló pé.

Ẹ gbé ike kúrò nínú àwo, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, kí ẹ fi sí ibi tí adìẹ kò ti lè dé e. Ẹ má da ilẹ̀ rẹ̀ nù. Ní oṣù karùn-ún tó kọjá, mo gbé ike àtijọ́ kan padà sínú omi, mo sì fọ́n irúgbìn tí mo fi bébà pọ́n sínú ike tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ti já bọ́ fúnra wọn sínú ike àtijọ́ yẹn ló kọ́kọ́ hù.